Ọwọ́ Tí Kì Í Ṣe Ti Káfíńtà

Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Ayafọ́tò ni, ohun tó sì máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹyọ kan péré ni mo ń tọrọ." Ìyàwó tuntun gbọ́ ọ, arúgbó tí kò léyín gbọ́ ọ, ọlọ́pàá tó wá ya fọ́tò fún ìwé ìdánimọ̀ náà gbọ́ ọ, òun nìkan ni kò sì rẹ́rìn-ín nínú wọn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n èékánná àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò funfun rí, nítorí pé ó ṣì ń fi oògùn àtijọ́ fọ fọ́tò dúdú-òun-funfun fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Èékánná náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìdí ife tíì. Ẹ fi èékánná yẹn sọ́kàn o.

Ìlú wọn ní afárá kan láàárín. Àwọn ará ìhín afárá àti àwọn ará ọ̀hún ti jọ ń ra, wọ́n jọ ń tà, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn kí ìjà tó dé. Ohun tó fa ìjà náà, bí ẹ bá bi ẹni mẹ́wàá, ìdáhùn mọ́kànlá lẹ máa gbọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n sun ilé, wọ́n sin òkú, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn yọ pákó afárá dànù kí apá kan má bàa lè ré kọjá sí èkejì.

Káfíńtà kan láti ọ̀hún ló bẹ̀rẹ̀ àlàáfíà. Kì í ṣe olóyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kàn gbé òòlù àti ìṣó, ó bọ́ sórí afárá, ó ń kan pákó mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, télọ̀ àgbàlagbà kan jáde láti ìhín, ó gbé pákó léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan tirẹ̀. Télọ̀ ni o! Ìṣó mẹ́ta ló tẹ̀ kí ọ̀kan tó wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kan pákó tó kẹ́yìn, èrò ti pé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Káfíńtà na ọwọ́, télọ̀ gbà á. Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn tó gbọ́ ọ ṣì ń ròyìn rẹ̀ dòní.

Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀, tó jẹ́ ará ìhín, nìkan ló ní kámẹ́rà tí ogun ò tíì kó lọ. Ó wà láàárín afárá, ó ń yà á lọ, ṣá, ṣá, ṣá, ẹyọ mẹ́rìndínlógójì. Káfíńtà tilẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà mí dáadáa. Iná ti jó gbogbo fọ́tò tí mo ní. Ìyàwó mi ní bí mo bá kú báyìí, kí lòun ó máa wò?" Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ ní kó má sọ̀rọ̀ ikú, ó ní kó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Káfíńtà ṣe bí wọ́n ti ní kó ṣe.

Ó padà sí sítúdíò, ó wọ yàrá dúdú, ó fọ fíìmù náà, ó gbé e sókè wo iná. Òfìfo! Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí òjìji ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ ò mọ irú àṣìṣe yìí bí ẹ kò bá ṣe iṣẹ́ náà rí. Bí ẹ bá ki fíìmù sínú kámẹ́rà láyé ìgbà yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fa etí rẹ̀ kó há mọ́ eyín kékeré kan, kí ẹ tó pa ìdérí dé. Ìkánjú ọjọ́ náà kò jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Etí fíìmù ti yọ̀. Kámẹ́rà ń dún, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, fíìmù sì jókòó sójú kan bí àlejò tí kò mọ ilé. Ọmọ ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe irú rẹ̀. Ọdún kejìlá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ nìyẹn.

Ojú tì í débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà láàárín àwọn ike oògùn. Gbogbo ìlú ló máa wá wo fọ́tò lọ́la. Kí ló fẹ́ sọ? Ìbá kúkú sọ òótọ́, kí wọ́n bú u fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì tán. Ṣùgbọ́n ìtìjú a máa sọ ọlọgbọ́n di òpè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ jórinjórin, ó wọ aṣọ funfun fún un bíi ti télọ̀, òun fúnra rẹ̀ wọ aṣọ búlúù bíi ti káfíńtà. Ó fi kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí ohun tó ń mú un dá yà, ó sáré bọ́ síwájú. Ọwọ́ méjì péré ló hàn nínú fọ́tò náà, láti ìgúnpá dé ìka, wọ́n gba ara wọn mú ṣinṣin. Ọmọ ìyá kan náà ló ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì pè é ní àlàáfíà.

Fọ́tò náà dára, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Àwọn èèyàn sunkún nígbà tí wọ́n rí i. Wọ́n bèèrè àwọn yòókù, ó ní oòrùn ti wọ inú fíìmù, ẹyọ kan yìí ló yọ. Káfíńtà náà wá wò ó. Ó wo fọ́tò, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ṣé báyìí lọwọ́ mi ṣe mọ́ tó?" Ó wá ní, "Bọ̀dá, èyí tó ní ojú mi ńkọ́?"

"Ó bàjẹ́. Ẹ yà sí sítúdíò lọ́jọ́kọ́jọ́, màá ya òmíràn fún yín, ọ̀fẹ́ ni."

"Ẹ jẹ́ kí n parí òrùlé àwọn èèyàn tí òjò ń pa ná."

Oṣù mẹ́ta ni káfíńtà fi ń kan òrùlé kiri, ní ìhín àti ní ọ̀hún. Kò sí ọjọ́ tí Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ kò rí i lórí òrùlé kan. Kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀. Ká ní ó gbé e sójú lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán. Ṣùgbọ́n ó ń sá fún ọkùnrin náà, bó bá rí i lókèèrè, á yà sí kọ̀rọ̀. Bí káfíńtà ṣe jábọ́ láti orí òrùlé ilé-ìwé nìyẹn, tí kò sì dìde mọ́.

Ọjọ́ kejìlélógún lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyàwó rẹ̀ wọ sítúdíò. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, wọ́n ní ọwọ́ ọkọ mi wà nínú fọ́tò yín." Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ mú un fún un. Obìnrin náà wò ó títí, ojú rẹ̀ kan èékánná àtàǹpàkò yẹn, tó dúdú ju àwọn yòókù lọ, ló bá bú sẹ́kún. "Yéè! Pólíìṣì! Mo sọ títí pé kó máa fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ bó bá kun àga tán! Òun nìyí! Òun nìyí, àbí?"

Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò la ẹnu, orí ló mì. Ó ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà pé bóyá ẹni tó mi orí kò tíì purọ́. Ta ló ń tàn?

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kọjá. Fọ́tò ọwọ́ méjì di àmì ìlú. Ó wà lẹ́yìn ìwé ọmọ ilé-ìwé, ó wà lórí lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n kùn ún sára ògiri ọjà. Lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ọjọ́ àlàáfíà, wọ́n á gbé èyí tó tóbi jáde sí gbàgede, wọ́n á pe ìyàwó káfíńtà, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Káfíńtà, síwájú, á fi ẹnu ko ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí gíláàsì, èrò á sì pàtẹ́wọ́. Ta ló ń ya fọ́tò rẹ̀ bó ti ń fẹnu kò ó? Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ kan náà ni. Ìgbà méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti wo obìnrin náà láti ojú kámẹ́rà, tó ń fẹnu ko ọwọ́ òun. Kì í jẹun lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ọgbẹ́ inú ni, ó máa ń po oògùn fún un.

Lọ́dún yìí, ìlú kọ́ Ilé Ìrántí Àlàáfíà sídìí afárá. Akọ̀wé ilé náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń rìn kánmọ́kánmọ́ pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, wá sí sítúdíò.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá wa, gbogbo ògiri iwájú la fẹ́ fi fọ́tò yín bò, láti òkè dé ilẹ̀. A ó gbẹ́ orúkọ káfíńtà àti télọ̀ sára òkúta lábẹ́ rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ gan-an la nílò, kó lè hàn kedere."

"Orúkọ wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Sára òkúta. Bọ́jọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn tó rí i lójú ń kú lọ. Òkúta ni yóò máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa." Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá Káfíńtà ti ń sunkún ayọ̀ láti àná."

Nígbà tó lọ tán, Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ gbé agolo bísíkíìtì kan sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Fíìmù méjì ló wà nínú rẹ̀: ti ọwọ́ méjì, àti òfìfo ọjọ́ afárá. Kò mọ ìdí tí kò fi lè ju òfìfo yẹn nù. Ó ti gbé e dé ibi ààtàn nígbà mẹ́ta, ó sì gbé e padà wálé.

Ó fi fóònù pe àbúrò rẹ̀, ó ní òun fẹ́ sọ òótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín ta yèpẹ̀ sí gàrí ara yín," jórinjórin ní. "Èmi gan-an, mo fi ọwọ́ mi han àwọn ọmọ mi lẹ́yìn ìwé wọn, mo ní ẹ wo ọwọ́ bàbá yín. Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa. Ọmọ bíbí inú mi o! Tí àwọn yẹn ò bá gbà, ta ló máa gbà?"

"Màmá Káfíńtà ńkọ́?"

"Ẹ fẹ́ gba ohun kan ṣoṣo tó ní lọ́wọ́ rẹ̀? Kó lè fúyẹ́ lọ́kàn yín? Ìwà ìkà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀rọ̀ yìí gún un, torí pé ó jọ òótọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, opó á pàdánù fọ́tò kan ṣoṣo tó ní. Bó bá dákẹ́, wọ́n á gbẹ́ irọ́ rẹ̀ sára òkúta, wọ́n á sì fi orúkọ òkú jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń yí bìrí lẹ́nu iṣẹ́. Ó ya ọmọ kan fún ìwé ìrìnnà, ó gbàgbé láti ní kó rẹ́rìn-ín, ìyá ọmọ náà bèèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ki òfìfo fíìmù sápò, ó sọdá afárá.

Yàrá kan ni Màmá Káfíńtà ń gbé, ó mọ́ tónítóní. Àga méjì tí ọkọ rẹ̀ kàn wà níbẹ̀, àti òòlù rẹ̀ lórí fèrèsé, àti fọ́tò náà lára ògiri, ní ibi tí orí rẹ̀ máa ń kọjú sí bó bá dùbúlẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ ti ṣú lójú kan, ní ọ̀kánkán àtàǹpàkò. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ rí ibi tó ṣú náà, ó sì mọ ohun tó mú un ṣú.

"Ẹ káàbọ̀ sà! Ẹ wá jókòó. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń fẹ́ rí. Ẹ bá mi wo aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ ìṣílé." Ó ti ń bu omi tútù fún un. "Sà, kí Ọlọ́run sàn án fún yín. Àwọn míì ní sàréè ọkọ wọn, èmi ní ọwọ́ tèmi."

"Màmá, ẹ jókòó."

"Kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Òun fúnra rẹ̀ kò jókòó. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ró kọ̀ọ̀. "Ọwọ́ yẹn kì í ṣe ọwọ́ ọkọ yín."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti etí fíìmù tó yọ̀, ti aṣọ búlúù tó wá, ti àbúrò rẹ̀, ti orí tó mì. Ó ń sọ ọ́, ó ń wolẹ̀. Nígbà tó parí, Màmá Káfíńtà dìde, ó yọ fọ́tò lára ògiri, ó wá síwájú rẹ̀.

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, ẹ̀yin àti sà ni obìnrin yìí fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ dáadáa pé èyí ti yàtọ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Obìnrin náà gbé fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wo èékánná ti inú fọ́tò, ó wo tòde. Ó fi ìka kan ra á, bí ẹni ń wò bóyá ọ̀dà á bó.

"Ọwọ́ yìí ni mo ń fẹnu kò láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. "Lójú ọjà. O tún ń yà mí."

Ẹ wò ó, bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ ìbá fò sínú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Ó fa fíìmù yọ lápò, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. "Èyí ló wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, Màmá."

Màmá Káfíńtà gbà á, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó fà á gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. "Fíìmù kò rí i," ló ní. Ó yíjú padà. "Ìwọ ńkọ́? O ní o sún mọ́ ọn. O ní o sọ fún un pé kó rẹ́rìn-ín. Kí ni ojú tìẹ rí?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yìí rí. Ó mú un lójijì, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere, bí ìgbà tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí.

"Ìṣó wà láàárín ètè rẹ̀," ló ní. "Mo ní kó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mú sùúrù, ó yọ ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà, ó kó o sí àtẹ́lẹwọ́ télọ̀. Ìyẹ̀fun igi wà ní irun ojú rẹ̀ apá òsì. Ó ní ìyàwó òun ní eyín òun ti tóbi jù, pé òun ò ní la ẹnu. Ó wá la ẹnu."

"Ó la ẹnu?"

"Ó là á gan-an. Torí pé ó wo ẹ̀yìn, sí apá ọ̀dọ̀ yín. Ó ń wá ẹnì kan nínú èrò. Ó wá rí i. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka, ó ní, 'Ìyàwó mi nìyẹn, aláṣọ pupa tó gun orí garawa. Ẹ wò ó, á ṣubú.' Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín tí mo tẹ kámẹ́rà."

Màmá Káfíńtà jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀. Fíìmù náà ká wálẹ̀ sí itan rẹ̀.

"Mo gun orí garawa," ló ní. "Mo ń ju ọwọ́ sí i. Mo pariwo títí, kò dáhùn. Mo rò pé kò rí mi. Nígbà tó délé, inú ń bí mi, mi ò bi í. Lẹ́yìn náà ó kú. Mo ti ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ yìí pé lọ́jọ́ tó tóbi jù láyé ọkọ mi, kò rí mi."

"Ó rí yín, Màmá."

Ó sunkún, ó sunkún gidi, Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ sì wà lórí ìkúnlẹ̀, kò láyà láti dìde, kò láyà láti pẹ̀tù. Nígbà tí ẹkún náà dá, obìnrin náà wò ó tààrà.

"Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu rẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ. O ní ojú ọkọ mi, o ní ẹ̀rín rẹ̀, o ní orúkọ tó fi pè mí. O gbé gbogbo rẹ̀ mì, o wá fún mi ní ọwọ́ rẹ."

Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ ti rò pé fọ́tò kan ni òun kò lè fún un. Ohun tó jí gbé pọ̀ ju fọ́tò lọ, kò sì mọ̀ títí di wákàtí yẹn. Ẹ̀gbin irọ́ nìyẹn, ó máa ń dí òótọ́ tó wà lẹ́nu ẹni pàápàá lọ́nà.

Lọ́jọ́ ìṣílé, èrò kún Ilé Ìrántí dé orí afárá. Akọ̀wé ti sunkún tirẹ̀, ó ti bínú tirẹ̀, ó sì ti ṣe ohun tí Màmá Káfíńtà ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n da òkúta náà padà. Òfìfo fíìmù ni wọ́n nà gbọọrọ sínú gíláàsì lára ògiri iwájú, iná wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní igun kan, wọ́n gbé fọ́tò ọwọ́ méjì kọ́ ní kékeré, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ọwọ́ ayafọ́tò àti ti àbúrò rẹ̀, ní sítúdíò, lọ́jọ́ kejì. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ dúró láàárín, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ìlú. Àwọn kan pòṣé. Ọkùnrin kan pariwo pé, "Ẹ wo àgbàlagbà!" Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín, òógùn bò ó. Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, ó wolẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà.

Nígbà tó dé ibi ìṣó, ó ní márùn-ún. Láti orí àga iwájú, Màmá Káfíńtà ní, "Mẹ́fà."

"Mẹ́fà," ló ní, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín dákẹ́ nígbà tó dé ibi aṣọ pupa.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àwọn ará ìhín àti àwọn ará ọ̀hún ń bọ ara wọn lọ́wọ́ káàkiri yàrá náà. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ gbàgbé ara, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí Màmá Káfíńtà. Obìnrin náà wò ó, ó wo èékánná rẹ̀, kò gbà á.

"Fi í sápò," ló ní. "Sọ ibi tí ọkọ mi ti rí mi yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."